Ògì Ọmọ Ọwọ́ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìdí Tí Kò Fi Yẹ Kó Dá Wà

Ní Ọ̀dẹ̀dá àti àwọn abúlé tó yí i ká, bí ó ti rí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá yòókù, ògì ni oúnjẹ tí ọmọ ọwọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ tọ́ wò lẹ́yìn ọmú, àwọn òbí tó sì wà lókè òkun, tí ìyá àgbà ń rán létí lórí fóònù pé kí wọ́n má fi ògì du ọmọ, yóò fẹ́ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi gbára lé e tó bẹ́ẹ̀. Àgbàdo kò wọ́n, oko ni ó sì ti ń wá. Ṣùgbọ́n ìdí tó jinlẹ̀ jù wà nínú bí a ṣe ń ṣe ògì.

A óò ṣa àgbàdo tó bu kúrò, nítorí ó lè ní májèlé tí sísè kò lè mú kúrò. A óò rẹ ìyókù sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a óò gbé e lọ sí ẹ̀rọ, a óò sì fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, kí èérí, ìyẹn èèpo àti ọkàn àgbàdo, lè ṣẹ́kù sínú aṣọ, kí ògì sì rọ̀ sísàlẹ̀ omidùn, tí í ṣe omi kíkan tó máa ń lé sókè. Kíkan yìí kì í ṣe àbùkù rárá, torí pé àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-tín tó ń mú ògì kan ń pèsè ásíìdì tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ráyè. I. A. Akinrele, ti ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Oshodi, tẹ ìwádìí lórí kíkan ògì jáde ní 1970.

Síbẹ̀, sísẹ́ tó mú kí ògì kúnná ní ọ̀fun ọmọ náà ló sọ ọ́ di oúnjẹ aláìpé, nítorí púpọ̀ nínú èròjà tó ń mú ara dàgbà àti èyí tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun máa ń bá èérí lọ, ewúrẹ́ ni ó sì ń jẹ ẹ́. Ní 1933 ni Cicely Williams, oníṣègùn kan ní Gánà òde òní, kọ̀wé nípa kwashiorkor, àìsàn tí ń mú kí ara ọmọ wú, tó rí lára àwọn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú tí a sì ń fi oúnjẹ àgbàdo nìkan bọ́. Láti dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Oshodi ṣe gbé soy-ogi jáde, ìyẹn ògì tí a po sóyà mọ́. Láfún tí a mọ àwọn Ẹ̀gbá mọ́ kò lè dí àlàfo náà, nítorí ẹ̀gẹ́ ni.

Ẹyin lè dí i, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan a máa kìlọ̀ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Ẹyin ṣọ̀wọ́n láyé àtijọ́, èyí tó wà ni a sì ń fi sílẹ̀ fún adìẹ láti pa, nítorí náà a kò fẹ́ kí ọmọ mọ adùn rẹ̀ kó wá máa yọ́ ọwọ́ bọ ìkòkò ọbẹ̀. Ìdí yẹn ti tán, èèwọ̀ náà sì yẹ kó tán pẹ̀lú rẹ̀. Àṣà mìíràn, rírọ ọmọ, tí a fi ń tẹ́ ọmọ sórí itan kí a lè fi àtẹ́lẹwọ́ da ẹ̀kọ, ìyẹn ògì tí a ti sè, sí i lẹ́nu, léwu, nítorí ẹ̀kọ lè gba ọ̀nà èémí wọlé.

Nígbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà, kí a máa fún un ní ọmú lọ títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a sì se ẹ̀kọ rẹ̀ kó ki débi pé kò ní máa ṣàn kúrò nínú ṣíbí. Kí a po ẹ̀wà jíjinná tí a ti bó tí a sì gún kúnná mọ́ ọn, tàbí sóyà tí a ti sè dáadáa, tàbí edé lílọ̀, pẹ̀lú epo pupa díẹ̀. Ẹyin jíjinná náà kò burú. Ẹni tó wà ní Peckham tàbí Houston lè ra ògì gbígbẹ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé, kó sì ṣe bákan náà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀pà odindi sí ọmọ lẹ́nu, kí a má sì fi oyin sí ẹ̀kọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.