Kí Ló Dé Tí Nọ́ọ̀sì Kì í Wọ Ìbọ̀wọ́ Ní Gbogbo Ìgbà?

Àwọn òbí kan ti bi wá ní ibùdó pé: “Ọwọ́ lásán ni nọ́ọ̀sì fi gún ọmọ mi lábẹ́rẹ́. Ṣé torí pé a ò nílé mọ́ ni?” Ìbéèrè náà dùn wá, ó sì yẹ ká dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Kì í ṣe pé wọ́n fojú tín-ín-rín yín. Nígbà tí omi bá ti ba ọ̀nà jẹ́, ìbọ̀wọ́ kì í tètè dé, a sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ èyí tó wà nílẹ̀ lò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti kọ́kọ́ bi ara wọn pé: ṣé ọwọ́ mi máa kan ẹ̀jẹ̀, èébì, ìgbẹ́, ìtọ̀ tàbí ojú egbò? Bó bá máa kàn án, ìbọ̀wọ́ di dandan. Àmọ́ láti wo bí ara ṣe gbóná tó, láti fún ọmọ lóògùn mu, tàbí láti gún abẹ́rẹ́ sí apá tí awọ rẹ̀ kò bó, ọwọ́ tí a fi ọṣẹ fọ̀ dáadáa ti tó. Bí Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ṣe wí nìyẹn. Ká sòótọ́, ọwọ́ tó mọ́ sàn ju ìbọ̀wọ́ kan tí wọ́n fi kan aláìsàn mẹ́ta lọ. A ò sì gbà kí wọ́n fọ ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn tún lò, torí ó máa ń lu láìjẹ́ pé ojú rí ihò rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn àti bàtà òjò tí àwọn tó ń fọ ilé ìyàgbẹ́ ń lò yàtọ̀. Ìyẹn ṣeé fọ̀, ó ṣeé sá, ó sì ṣeé tún lò.

Bíbọ́ wọn ló le ju wíwọ̀ lọ. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n lè fi ọ̀dà pa ìbọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ kí wọ́n ní kó bọ́ ọ. Bí ọ̀dà bá wà lọ́rùn ọwọ́ tàbí lójú rẹ̀, ó ti mọ ibi tí àrùn ì bá gbà wọlé. Ìbọ̀wọ́ là ń kọ́kọ́ bọ́, a ó yí inú rẹ̀ síta. Lẹ́yìn náà épírọ́ọ̀nù. A ó fọwọ́. Ìbomú ló ń gbẹ̀yìn, okùn rẹ̀ la sì ń dì mú. A ó tún ọwọ́ fọ̀.

Ẹ má rò pé àṣejù ni. Ní oṣù July 2014, ọkùnrin kan gbé Ebola wọ Èkó, ibà sì ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Èèyàn 8 ló kú ní Nàìjíríà. Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn nọ́ọ̀sì wà lára wọn. Bí nọ́ọ̀sì ibùdó bá dùbúlẹ̀, ta ni yóò tọ́jú yín?

Nínú àgọ́ tiyín ńkọ́? Bí ẹnikẹ́ni bá ń yàgbẹ́ bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ẹ tètè gbé e wá, kí ẹ máa fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà mu lójú ọ̀nà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá sí ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rá tí kò lu bọ ọwọ́, kí ẹ jù ú sínú garawa ìdọ̀tí tó ní ìdérí, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́.

Láti fọ ibi tí èébì tàbí ìgbẹ́ kàn, ẹ wo ara ìgò bílíìṣì. Bí wọ́n bá kọ 3.5% síbẹ̀, ife 1 sí ife omi 6. Bó bá jẹ́ 5%, ife 1 sí ife omi 9. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má pò ó mọ́ nǹkan ìfọlé mìíràn, òórùn rẹ̀ lè pani lára. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa po tuntun, torí ti àná kì í lágbára mọ́.