ILÉ TÍ AFẸ́FẸ́ Ń FẸ́ SÍ: ÀÀBÒ FÚN ÌYÁ ÀTI ỌMỌ

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí a tún wo ilé kan náà kí a tó tẹ́ ọmọ sí inú rẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìlera, oúnjẹ, omi àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ilé tí ó gbóná janjan, tí èéfín kún, tí afẹ́fẹ́ kò sì rí ọ̀nà wọ̀, ń fa àìsàn. Ó sì ń jẹ owó ìdílé lórí igi, èédú, epo àti iná mànàmáná.

ÌDÍ TÍ ILÉ FI Ń GBÓNÁ

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní Òmù-Àrán, ní Ẹ̀sìẹ́ àti ní àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, ògiri amọ̀ tí ó nípọn ni àwọn baba wa fi ń kọ́lé, wọn a sì fi koríko bò ó. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbóná, koríko sì ń dènà oòrùn. Àbùkù ilé náà ni pé fèrèsé rẹ̀ kéré, èéfín a sì máa há sínú rẹ̀. Páànù tí ó dé lẹ́yìn náà kì í tètè jó bí koríko, ṣùgbọ́n a máa gbóná kíákíá, a sì máa da ooru náà sórí ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Níbi tí kò bá sí àjà, èyí tí a ń pè ní síílìnì, ara ìkókó àti ti arúgbó ni ó máa ń kọ́kọ́ fara gbá a.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÈÉFÍN

Obìnrin tí ń se irú tàbí tí ń dín gàrí lè jókòó ti iná igi fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ọmọ a sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èéfín náà ń fa òtútù àyà fún ọmọdé. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró àti ojú ìyá jẹ́, ó sì lè mú kí aboyún bí ọmọ tí kò tóbi tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni èéfín inú ilé pa káàkiri ayé. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 tí ó wà nínú wọn lé ní 237,000.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Àwọn àgbà kò gbàgbé wolé-wolé, tí í yẹ àmù, ilé ìgbẹ́ àti àyíká ilé wò. Òfin ilé kíkọ́ náà ń ṣọ́ ìlera wa. Òfin ìṣètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1992 béèrè pé kí ẹni tí yóò kọ́lé kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Ní ọdún 2003, Ilé Ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣètò ìlú wà. Ìwé òfin ilé kíkọ́ fún gbogbo Nàìjíríà jáde ní ọdún 2006. Ní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà mìíràn jáde lórí bí ilé kò ṣe ní máa fi iná ṣòfò.

Ìlànà ọdún 2017 yìí ní kí ohun tí í dènà ooru wà lábẹ́ òrùlé. Ó ní kí fèrèsé má ju ìdá 20 nínú ìdá 100 ògiri lọ, àfi bí a bá ṣe ohun tí yóò ṣíji bò ó, nítorí gíláàsì tí oòrùn ń ràn sí a máa mú yàrá gbóná. Ilé tuntun ni ìlànà náà dojú kọ ní pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ní ilé lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀.

KÍ NI KÍ ÌDÍLÉ ṢE?

1. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé ní ìhà méjì, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé ní ìhà kan kí ó sì jáde ní ìkejì. Níbi tí àwọn yàrá bá kọjú sí ara wọn, ẹ dá ihò sí òkè ilẹ̀kùn. Fèrèsé tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣí ju ìdajì lọ. Lúfà ń gba afẹ́fẹ́ jù ú lọ. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sí i nítorí ẹ̀fọn.

2. Ẹ má ṣe kó ènìyàn púpọ̀ sí yàrá kan, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ikọ́ ife àti àrùn yírunyírun, tí í mú ọrùn le, a máa tètè ràn níbi tí èrò bá há mọ́ra.

3. Kí àjà wà lábẹ́ páànù, kí òrùlé yọ síta kọjá ògiri, kí a sì gbin igi sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí àwọn fèrèsé ńlá kọjú sí àríwá àti gúúsù.

4. Kí ilé ìdáná yàtọ̀ sí yàrá ìsùn, kí ó sì ní ihò lókè tí èéfín yóò gbà jáde. Igi gbígbẹ ni kí ẹ lò. Ẹ mọ amọ̀ yí ààrò ká, ẹ rẹ ẹ̀wà kí ẹ tó sè é, kí ẹ sì dé ìkòkò. Igi tí ẹ ó lò yóò dín kù, èéfín yóò sì dín kù pẹ̀lú.

5. Gílóòbù LED oní-wáàtì 9 ń tàn tó gílóòbù àtijọ́ oní-wáàtì 60, kò sì gbóná tó o.

6. Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ má sì gbé ìkòkò èédú wọ yàrá nígbà ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń ti ara wọn jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa gbogbo ilé lójú oorun. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tí ó ń bì níbi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, ẹ gbé e síta kíákíá, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

KÍ A TÓ FI ÌPÌLẸ̀ LÉLẸ̀

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ya àwòrán ilé, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ. Owó tí a fi tún àwòrán ṣe kéré púpọ̀ sí èyí tí a ó fi wó ògiri. Ẹ̀yin ará Òmù-Àrán, Ẹ̀sìẹ́ àti agbègbè wọn, ẹ lè béèrè ọ̀nà tí ẹ ó gbà ní ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní Òmù-Àrán, kí ẹ sì bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àyíká sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìyá, nígbà tí bàbá ilé bá ń bá bíríkìlà sọ̀rọ̀, ẹ béèrè ibi tí ilé ìdáná yóò wà àti ibi tí èéfín yóò gbà jáde. Ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ni ẹ óò máa mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀.

Ìlera loògùn ọrọ̀.