Ta Ló Gbé Ère Náà Padà Wálé?

Láti Kìṣí, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo kan lábẹ́ ohùn mi, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni, ẹ má bínú.

Ọ̀rọ̀ fíìmù la fẹ́ sọ lónìí. Nínú fíìmù ọ̀daràn tó mọ́ wa lára, ọlọ́pàá ń lé olè, ìbọn ń dún, mọ́tò ń sáré. Irú kan wà tí kò ní ariwo bẹ́ẹ̀. Inú ọkàn ènìyàn ni ọ̀ràn rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ sì ń wò ó kò ní mọ ohun tí ẹ lè gbà gbọ́ títí fíìmù á fi parí. Ìbéèrè wa ni pé: báwo ni wọ́n ṣe ń rí wa mú? Kí ló dé tí ọgbọ́n yẹn fi ń ràn wá bẹ́ẹ̀?

Òwe kan ni kí ẹ fi sọ́kàn ná: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí; ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? A ó padà sí i.

Ìkìlọ̀ o: mo máa sọ ìparí fíìmù méjì. Ẹni tí kò bá tíì wò wọ́n, tí kò sì fẹ́ kí n ba adùn rẹ̀ jẹ́, kó lọ wò wọ́n kó tó padà wá.

Ère inú igbó

Ọdún 2009 ni Kunle Afolayan, ọmọ Adé Love, gbé The Figurine jáde, èyí tí wọ́n tún ń pè ní Araromire. Òun kan náà ló ṣe Aníkúlápó ní 2022, òun ló sì kọ́ abúlé fíìmù sí Ìgbójayé, ní Òkè-Ògùn wa níbí. Kemi Adesoye ló kọ eré Araromire. Ní 2010, ó gba àmì-ẹ̀yẹ 5 níbi AMAA. Fíìmù tó dára jù lọ wà nínú rẹ̀, ti òṣèrékùnrin tó peregedé jù sì bọ́ sọ́wọ́ Ramsey Nouah.

Àgùnbánirọ̀ ni Fẹ́mi àti Ṣọlá. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ọmọbìnrin kan náà, Mona, ni ọkàn àwọn méjèèjì sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣèèṣì ya ojúbọ kan tí wọ́n ti pa tì nínú igbó, Ṣọlá sì mú ère igi tó wà níbẹ̀. Ère òrìṣà Araromire ni. Ìtàn rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò rí ire fún ọdún 7, lẹ́yìn náà ni ibi yóò tẹ̀lé e fún ọdún 7 mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń rí. Ṣọlá fẹ́ Mona, ó di olówó. Ikọ́ fée tó ń bá Fẹ́mi fínra fi í sílẹ̀. Ọdún 7 pé, gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú: iṣẹ́ bàjẹ́, àìsàn padà, òfò wọlé. Wọ́n ju ère náà nù. Ère náà padà wálé.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí mo kọ́kọ́ wo ibi tí ère yẹn ti padà, ara mi bù màmà. Mi ò tilẹ̀ bi ara mi pé ta ló gbé e. Lójú mi, ère ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí fíìmù parí ni àṣírí tú: ìfẹ́ Mona kò kúrò lọ́kàn Fẹ́mi láti ọjọ́ yìí wá, ó ti di ìlara, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ohun tí a ti kà sí iṣẹ́ òrìṣà.

Mo padà wò ó lẹ́ẹ̀kejì láti mọ ibi tí wọ́n ti mú mi. Nǹkan mẹ́ta ni mo rí.

Èkíní, wọ́n ti sọ ìtàn òrìṣà náà fún wa kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fún wa ní ìdí ọ̀rọ̀, òun ló máa ń jàre lọ́dọ̀ wa. Gbogbo ohun tó bá dé lẹ́yìn náà, inú àpò yẹn la ń jù ú sí.

Èkejì, ojú gbangba ni wọ́n fi ẹni tí a ń wá sí. Fẹ́mi jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, àìsàn ń ṣe é, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ ẹni tó wù ú, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Àánú rẹ̀ ń ṣe wá. Ta ló máa ń fura sí ẹni tí àánú rẹ̀ ń ṣe é?

Ẹ̀kẹta, wọn kò dí gbogbo ihò. Kì í ṣe gbogbo ibi tó ṣẹlẹ̀ ni ọwọ́ ẹnì kan lè tó. Ìdí nìyẹn tí fíìmù náà fi parí síbi ìbéèrè, tó ní kí olúkúlùkù sọ ohun tó gbà gbọ́. Mo mọ tọkọtaya kan tí wọn kò tíì yanjú rẹ̀ títí dòní.

Yàrá tí wọ́n tì pa

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan ni, ẹ jẹ́ ká dé Kerala, ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Malayalam. Ní 1993, Fazil ṣe fíìmù kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Manichitrathazhu. Ó dùn débi pé wọ́n tún un ṣe ní èdè Kannada, Tamil àti Hindi.

Tọkọtaya kan kó lọ sí ilé ńlá ìdílé ọkọ. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti tì pa, wọ́n ní ẹ̀mí oníjó kan tí wọ́n pa láyé àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Ìyàwó, Ganga, ní kí wọ́n ṣí i. Láti ìgbà náà ni nǹkan abàmì ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Ta ni wọ́n fura sí? Sreedevi, ìbátan ọkọ, ọmọbìnrin tí kò rí ilé ọkọ gbé. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa gbèjà rẹ̀. Ìgbà tí Sunny, dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, dé ni a tó mọ̀ pé Ganga fúnra rẹ̀ ni. Ọkàn rẹ̀ ti pín sí méjì, òun alára kò sì mọ̀. Shobana tó ṣe Ganga gba àmì-ẹ̀yẹ ìjọba àpapọ̀ Íńdíà fún òṣèrébìnrin tó dára jù lọ.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni ìwà dókítà náà. Kò fi ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ilé ṣe yẹ̀yẹ́. Òun àti babaláwo wọn ló jọ gbìmọ̀, etùtù ni wọ́n sì fi bo ọgbọ́n tí wọ́n fi wo Ganga sàn. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbà pé ẹ̀mí ló ṣe nǹkan, ó kọ́kọ́ wo ẹni tó wà nítòsí, àkókò tó wà níbẹ̀, àti ohun tó ń dùn ún lọ́kàn.

Kóńgò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn mí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń ta èlùbọ́. Ọdún kan wà tí owó rẹ̀ ń dín ṣáá. Ọjà ń lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ṣírò rẹ̀, òfò ni. Ìyá àgbà wa ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, lẹ́bàá àpò èlùbọ́. Ẹnì kan ní ọwọ́ màmá kò mọ́. Ẹlòmíràn rántí pé ọjọ́ tí màmá bínú ni mọ́tò tó kó ẹrù bàjẹ́ lọ́nà. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Wọ́n kó ẹrù màmá lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìgbòho.

Òfò kò dúró. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi yá kóńgò aládùúgbò rẹ̀ láti fi wọn èlùbọ́, ó wá rí i pé ìṣirò kò bára mu. Ó dojú kóńgò tirẹ̀ bolẹ̀. Wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ láti inú títí tó fi yọ ikùn síta. Ẹni tó ń bá a tajà àti oníbàárà kan ni wọ́n jọ mọ̀ sí i. Gbogbo kóńgò tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù ń gbà ju iye tí wọ́n ń san lọ. Bíkú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Wọ́n lọ mú màmá padà wá. Ó tẹ̀lé wọn, kò jà, kò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́. Kò sì kó aṣọ rẹ̀ jáde nínú àpótí tó fi gbé e dé. Ìdí ilẹ̀kùn ni àpótí náà wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Nítorí náà, bí mo bá ń wo irú fíìmù yìí, eré nìkan kọ́ ni mò ń wò. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jù ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù, ta ni mí? Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a tó sọ pé ère fẹsẹ̀ rìn, ká bèèrè ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ká tó dárúkọ ìyá arúgbó, ká dojú kóńgò bolẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Bí ẹ bá ti wo Araromire, ẹ sọ fún mi: òrìṣà ni, àbí Fẹ́mi? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, a ó gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ètò tó ń bọ̀. Títí di ìgbà náà, ire o.