Ọgbà Olú Abẹ́ Ilẹ̀

Kò sí ọmọ tí a tọ́ ní ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ olú. Bí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ sì tutù, olú a yọ orí síta lẹ́bàá ọ̀gán tàbí lára ìtì igi, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ rí i ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n irú olú kan wà tí kì í yọ orí síta rárá. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti ń dàgbà, abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti ń gbó, ibẹ̀ náà ni yóò sì jẹrà sí bí ẹnikẹ́ni kò bá wú u. Truffle ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Ó rí roboto, ó dúdú, ara rẹ̀ kò sì dán. Òórùn rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn oúnjẹ tí ó wọ́n jù lọ ní ayé.

Láyé àtijọ́, inú igbó ni àwọn ará Faransé, Ítálì àti Sípéènì ti ń wá a. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àgbẹ̀ kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, Joseph Talon, gbin èso igi oak tí ó ṣà lábẹ́ àwọn igi tí olú yìí ń wà ní ìdí wọn. Nígbà tí ó pẹ́, olú bẹ̀rẹ̀ sí wà ní ìdí àwọn igi titun náà pẹ̀lú. Báyìí ni ó hàn pé ẹni tí ó bá fẹ́ olú yìí, igi ni kí ó gbìn. Iṣẹ́ náà ti dé òkèèrè. Ní Manjimup, ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, a gbin irú igi bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1997, ọdún 2003 ni a sì tó rí olú àkọ́kọ́ wú.

Ẹ jẹ́ kí a bá àwọn àlejò wọ irú ọgbà bẹ́ẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Ní ẹnu ọ̀nà, olóko a ní kí olúkúlùkù fọ ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀, kí ó má baà kó irú olú mìíràn wọlé tí yóò gba àyè mọ́ ti inú oko lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bá wọlé, kìkì igi kéékèèké tí ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ni wọn yóò rí, oak àti hazel. Bí àlejò kan bá bèèrè pé, “Olú náà dà?”, olóko a rẹ́rìn-ín, a ní, “Bóyá ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bóyá kò sì sí. Èmi pàápàá kò tíì mọ̀.”

Òtítọ́ ni ó sọ. Kí a tó gbin igi náà sí oko ni a ti fi irúgbìn olú sí gbòǹgbò rẹ̀. Olú náà a ta òwú tín-ín-tín yí gbòǹgbò ká, àwọn méjèèjì a sì máa ran ara wọn lọ́wọ́: olú ń bá igi fa omi àti ọ̀rá ilẹ̀, igi sì ń fún olú ní ṣúgà tí ewé rẹ̀ ń ṣe nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ṣùgbọ́n olú yìí kò fẹ́ ilẹ̀ tí ó kan. Ilẹ̀ Manjimup sì kan. Nítorí náà a ní láti po òkúta ẹfun lílọ̀ mọ́ ọn lọ́pọ̀lọpọ̀ kí a tó gbin igi.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, koríko ìdí igi mìíràn a kú, ilẹ̀ ibẹ̀ a sì dà bí ẹni pé iná jó o. Inú olóko a dùn, nítorí àmì ni èyí pé olú ń tàn kálẹ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé yóò so.

Bí àkókò bá tó, láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, tí í ṣe ìgbà òtútù lọ́hùn-ún, ajá ni a fi ń wá a. Ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ará Yúróòpù ń lò nígbà kan rí, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ fẹ́ràn olú náà bí olówó rẹ̀ ti fẹ́ràn rẹ̀. Ní ti ajá, ẹran díẹ̀ tí a ó fi ta á lọ́rẹ ni ó ń wá. Ó ń gbóòórùn èyí tí ó gbó, a fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ ibẹ̀, olóko a sì rọra wú u.

Ẹni tí ó gbin kòkó lè gbé ojú sókè kí ó rí bí èso ti ń ṣe sí. Ẹni tí ó gbin olú yìí kò ní irú ìtùnú bẹ́ẹ̀. Ọdún márùn-ún, ó tilẹ̀ lè tó mẹ́wàá, ni yóò fi máa bomi rin ín, tí yóò máa ro ó, tí yóò máa náwó sí i. Igi mìíràn kò sì ní í so láéláé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ ẹ̀kọ́ jọ iṣẹ́ yìí. Èyí tí ẹ kọ́ lónìí lè má hàn sí ojú lọ́la. Ẹ má tìtorí èyí fi oko sílẹ̀ fún igbó.