Asẹ́, Ìtòrò àti Òkòtó: Èdè-Ìperí fún Ẹ̀rọ Ayọyanrìn Alátùúntò

1. Ìfáàrà

Kò sí kànga epo rọ̀bì ní Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orí òkúta líle àtayébáyé ni ìlú méjèèjì wà, irú òkúta bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ibùgbé epo rọ̀bì. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ epo kò ṣàjèjì sí wọn. Láti 1896 tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ti fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ni ìlú náà ti jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Láti 1990 ni Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá sì ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí yóò bá fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ epo fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí kànga epo rí ní láti wá ọ̀rọ̀ tí yóò gbé iṣẹ́ ẹ̀rọ náà yọ kedere.

Ẹ̀rọ tí àròkọ yìí dá lé lórí ni èyí tí ń yọ iyanrìn kúrò nínú ohun tí ó ń tú jáde láti inú kànga epo àti gáàsì. Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí olùtumọ̀ lọ́kàn ni "asẹ́". Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni ó bá mu nínú oríṣi mẹ́ta tí ẹ̀rọ náà pín sí. Bí wọ́n bá fi pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àṣìṣe tí yóò tìdí rẹ̀ yọ kò ní mọ sórí èdè. Ó lè ba ẹ̀rọ jẹ́, ó sì lè gba ẹ̀mí òṣìṣẹ́.

2. Ibi tí iyanrìn ti ń wá

Ní 1956 ni ilé-iṣẹ́ Shell-D'Arcy rí epo ní Oloibiri, ní agbègbè tí ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Bayelsa lónìí. Ní 1958 ni epo rọ̀bì Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí òkè òkun. Inú ìpele iyanrìn abẹ́ ilẹ̀ ni epo agbègbè Niger Delta wà, púpọ̀ nínú iyanrìn náà ni kò sì tíì dì mọ́ra di òkúta líle. Bí epo, gáàsì àti omi bá ti ń rọ́ wọ inú kànga, wọn a máa wọ́ hóró iyanrìn lọ́wọ́. Lóòótọ́, àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi páìpù oníhò wẹ́wẹ́ àti òkúta wẹ́wẹ́ dí i lọ́nà ní ìsàlẹ̀ kànga, síbẹ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì máa ń gòkè.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ní kànga ẹ̀rọ ní àgbàlá rẹ̀ lè fi èyí wé ohun tí ó mọ̀. Lórí òkúta líle abẹ́ ìlú náà ni ìpele kan wà tí òkúta ti jẹrà di amọ̀ àti iyanrìn. Inú ìpele yìí, àti inú ibi tí òkúta ti sán, ni omi kànga ti ń wá. Bí ẹni tí ó gbẹ́ kànga náà kò bá to páìpù oníhò wẹ́wẹ́ àti òkúta wẹ́wẹ́ rẹ̀ dáadáa, iyanrìn yóò máa bá omi gòkè, yóò sì jẹ ẹ̀rọ tí ń fa omi. Ní kànga epo, eré aṣàn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Bí eré náà bá sì di ìlọ́po méjì, bí iyanrìn yóò ṣe máa jẹ irin yóò ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Ibi tí páìpù ti ṣẹ́ kọ́rọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ lu. Bí ó bá lu, gáàsì yóò tú síta, iná sì lè sọ.

3. Ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ méjì

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, ti ṣe púpọ̀ fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ kò sí lára ohun tí ó dá lé. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e yìí wà fún àyẹ̀wò.

Ohun tí ń jáde láti inú kànga epo kì í ṣe olómi nìkan, nítorí pé gáàsì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni "aṣàn" fi sàn ju "olómi" lọ: ohunkóhun tí ó bá lè ṣàn, ìbáà ṣe epo, omi tàbí gáàsì, aṣàn ni. Orúkọ tí ó kó gbogbo oríṣi ẹ̀rọ náà pọ̀ ni "ayọyanrìn". Ìlànà tí a fi ṣẹ̀dá "apẹja" láti ara "pa" àti "ẹja" náà ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀, láti ara "yọ" àti "iyanrìn".

4. Oríṣi mẹ́ta

(a) Ayọyanrìn alásẹ́. Ẹni tí ń sẹ́ ògì ń lo ihò láti ya èèrí sọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ jọ èlùbọ́ ti ń ṣe. Bí hóró bá tóbi ju ihò lọ, kò ní kọjá. Inú àgbá irin ni asẹ́ ti kànga epo wà. Aṣàn a gba inú ihò rẹ̀ kọjá, iyanrìn a sì kù sẹ́yìn. Hóró iyanrìn kì í tóbi ju mìlímítà 2 lọ, ó sì lè kéré tó mìlímítà 0.0625; nítorí náà, ihò asẹ́ gbọ́dọ̀ kéré gan-an. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń dí.

(b) Ayọyanrìn amómitòrò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sẹ́ ògì tán, wọn a gbé e kalẹ̀ kí ó tòrò. Ògì a rì sísàlẹ̀, omi a sì lékè. Kò sí ihò kankan nínú iṣẹ́ yìí. Ìwúwo ni ó ń ṣe é. Hóró iyanrìn wúwo ju omi tí ó bá a dọ́gba ní títóbi lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2.65. Nínú àgbá ńlá tí aṣàn ti ń rìn jẹ́jẹ́, iyanrìn yóò rì. Òfin tí George Stokes gbé jáde ní 1851 sọ pé bí ìbú hóró tín-ín-tín bá di ìlọ́po méjì, eré tí yóò fi rì yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí álọ́ọ̀mù fi ń mú kí omi odò tètè tòrò: ó ń so hóró kéékèèké pọ̀ di ńlá. Bí aṣàn bá sì ki, iyanrìn yóò pẹ́ kí ó tó rì.

(d) Ayọyanrìn olókòtó. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni aṣàn ti ń wọ inú ẹ̀rọ yìí, tí yóò sì fi ara rọ́ ògiri rẹ̀ yí po pẹ̀lú eré. Yíyí yìí a ti iyanrìn tí ó wúwo sí ara ògiri. Iyanrìn a yọ̀ wálẹ̀ dé ṣóńṣó ìdí ẹ̀rọ, a sì bọ́ sínú àgbá tí ó wà nísàlẹ̀. Aṣàn tí ó ti mọ́ a gba àárín padà sókè jáde.

Ẹnìkan lè fẹ́ pe èyí ní "aláàjà", nítorí pé ààjà náà ń yí. Ṣùgbọ́n ààjà a máa gbé eruku gòkè, nígbà tí ẹ̀rọ yìí ń sọ iyanrìn sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá iyanrìn sí ibi tí kò sí. Òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta dára jù ú lọ, nítorí pé ó fẹ̀ lókè, ó ṣóńṣó nísàlẹ̀, yíyí sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé láti sọ ìyàtọ̀ kan: òkòtó ọmọdé ni ó ń yí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n òkòtó ti ẹ̀rọ dúró sójú kan, aṣàn inú rẹ̀ ni ó ń yí.

5. Ìdí tí orúkọ kan kò fi lè tó

Aago méjì máa ń wà lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti wọn agbára tí aṣàn fi ń ti ara páìpù, ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, èkejì ní ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni òṣìṣẹ́ ń ṣọ́. Lára alásẹ́, bí asẹ́ bá ti ń dí ni ìyàtọ̀ yìí ń pọ̀ sí i. Bí ó bá pọ̀ jù, ewu dé. Asẹ́ lè ya.

Lára olókòtó, ọ̀rọ̀ yí padà. Eré aṣàn ni ó ń mú yíyí wá, yíyí náà ni ó sì ń yọ iyanrìn. Bí kànga bá ti ń gbó, tí aṣàn rẹ̀ sì ń dínkù, ìyàtọ̀ àárín aago méjèèjì yóò máa dínkù pẹ̀lú, iyanrìn yóò sì máa bá epo kọjá lọ. Níhìn-ín, dídínkù ni àmì ewu. Òṣìṣẹ́ tí ìwé ìlànà rẹ̀ pe ẹ̀rọ méjèèjì ní "asẹ́" yóò máa retí kí ìyàtọ̀ náà pọ̀. Bí ó bá rí i pé ó kéré, yóò rò pé àlàáfíà ni, nígbà tí iyanrìn ti ń jẹ páìpù lọ́wọ́.

6. Ìtumọ̀ "alátùúntò"

Kànga kan náà kì í dúró sójú kan. Ó lè tú gáàsì púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí omi rẹ̀ pọ̀ nígbẹ̀yìn. Iyanrìn rẹ̀ lè pọ̀ lónìí, kí ó dínkù lọ́la. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀rọ tí a lè tún tò láìpààrọ̀ àgbá rẹ̀. Wọ́n lè fi asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré rọ́pò èyí tí ihò rẹ̀ tóbi. Wọ́n lè yọ òkòtó ńlá inú àgbá, kí wọ́n fi kékeré sí i kí aṣàn díẹ̀ lè yí dáadáa. Bí òkòtó inú rẹ̀ bá pọ̀, wọ́n lè dí díẹ̀ nínú wọn. Wọ́n lè to àgbá méjì síra, kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti èkejì, tí wọ́n tú agbára inú rẹ̀ sílẹ̀ tán, tí wọ́n sì ń kó iyanrìn rẹ̀ dànù. Wọ́n tún lè fi olókòtó ṣáájú kí alásẹ́ tẹ̀ lé e, kí èkejì gba ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ èkíní.

"Alátùúntò" ni ó bá èyí mu, láti ara "tún" àti "tò". Kò yẹ kí wọ́n fi ọ̀gà tí ń pa àwọ̀ dà pè é, nítorí pé àwọ̀ nìkan ni ọ̀gà ń yí padà, nígbà tí ó jẹ́ pé inú ẹ̀rọ yìí gan-an ni wọ́n ń tún tò.

7. Àkójọ ọ̀rọ̀

Aṣàn: ohunkóhun tí ó lè ṣàn, olómi tàbí gáàsì.
Aṣàn kànga: àpapọ̀ epo, gáàsì àti omi tí ń ti inú kànga jáde.
Ayọyanrìn: ẹ̀rọ tí ń yọ iyanrìn kúrò nínú aṣàn.
Ayọyanrìn alásẹ́: èyí tí ń fi ihò ṣiṣẹ́.
Ayọyanrìn amómitòrò: èyí tí ń fi ìwúwo àti ìdúró jẹ́jẹ́ ṣiṣẹ́.
Ayọyanrìn olókòtó: èyí tí ń fi yíyí aṣàn ṣiṣẹ́.
Ayọyanrìn alátùúntò: èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tàbí àkànpọ̀ wọn, tí wọ́n lè tún inú rẹ̀ tò gẹ́gẹ́ bí ìṣe kànga bá ti yí padà.