Ọgbọ́n Nìkan Kò Lè Gba Ẹni Tí A Wó Ilé Rẹ̀ Là

Bí a bá bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ léèrè pé, nínú ẹranko tí ó ní ọpọlọ àti ohun alààyè tí kò ní, èwo ni yóò pẹ́ jù láyé, kíákíá ni yóò dáhùn pé ẹranko ọlọ́pọlọ ni. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní erékùṣù Madagásíkà, ẹranko kan ń bẹ tí a ń pè ní áì-áì, ọ̀kan nínú ìdílé lemur, ìbátan ọ̀bọ. A kò lè rí i nínú igbó ilẹ̀ mìíràn. Òru ni ó ń jẹ̀. Ìka àárín rẹ̀ gùn, ó sì tín-ín-rín. Òun ni ó fi ń kan igi, tí yóò sì dẹtí sílẹ̀ títí yóò fi mọ ibi tí ìdin wà. Nígbà náà ni yóò fi eyín dá igi náà lu, tí yóò sì fi ìka fa ìdin jáde.

Èkejì ni Physarum, ohun rírọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí ń fà bí ilá lórí igi jíjẹrà. Kò ní ojú, kò ní ẹnu, kò ní ọpọlọ. Síbẹ̀, ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan jẹ́ kí ó bo ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ kan tí wọ́n là, wọ́n sì gbé oúnjẹ sí ibi méjì níbẹ̀. Ó ká ara rẹ̀ kúrò ní gbogbo ọ̀nà tí kò já síbi kan, ó sì di èyí tí ó kúrú jù mú. Bí ọ̀dá bá dé, yóò gan, yóò sùn. Bí omi bá kàn án, yóò jí.

Kò sí ẹni tí ń bẹ̀rù pé Physarum yóò parun. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń dáàbò bo àwọn ẹ̀dá kéde pé 103 nínú oríṣi lemur 107 ni ó wà nínú ewu àparun. Áì-áì sì wà lára wọn. Ṣé òmùgọ̀ ni wọ́n ni? Rárá o! Physarum ń rí ilé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí igi ti ń jẹrà. Igbó ilẹ̀ kan ṣoṣo ni áì-áì ní, ọmọ ènìyàn sì ń gé e lulẹ̀, ó ń sun ún láti fi dáko. Èyí nìkan kọ́: àwọn ará abúlé mìíràn gbà pé àmì ikú ni áì-áì, wọn a sì pa á bí wọ́n bá ti rí i. Ẹ̀dá tí ń bí ọmọ kan ṣoṣo ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta, báwo ni yóò ṣe dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀?

Àgbẹ̀ tí ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé ẹ̀dá tí ó parun ni kò gbọ́n. Ẹ bi wọ́n pé: ta ni ó gé igi náà?