Wọ́n Ké Gbàjarè Lẹ́ẹ̀mẹ́ta Nítorí Omi: Wàhálà Tí Bọ́tìnì Kékeré Kan Ń Dá Sílẹ̀ Lórí Òkè Amẹ́ríkà

Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ lọ́jọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2009, nígbà tí ìpè dé etígbọ̀ọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń tọ́jú àfonífojì ńlá tí wọ́n ń pè ní Grand Canyon, ní ìpínlẹ̀ Arizona, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹnì kan ti tẹ bọ́tìnì ìdààmú nínú àfonífojì náà. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe é. Ṣé ejò ló bù ú ṣán ni? Ṣé orí àpáta ló ti já bọ́? Àbí ó ti ń kú lọ? Bọ́tìnì ò lẹ́nu tó fi máa ṣàlàyé.

Ibi tí ìpè náà ti wá kì í ṣe ibi téèyàn ń dédé rìn lọ. Àfonífojì yìí gùn tó máìlì 277, ó sì jìn wọlẹ̀ tó bíi máìlì kan. Aṣálẹ̀ ni. Òòrùn ibẹ̀ ń jó bí iná àdògán, omi sì ṣọ̀wọ́n. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Royal Arch yìí gan-an wà lára àwọn tó le jù níbẹ̀, okùn ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ níbì kan. Hẹlikọ́pítà àwọn ẹ̀ṣọ́ ò lè wọ ibẹ̀ lóru, ni wọ́n bá dúró di àárọ̀ pẹ̀lú àyà jíjá.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbéra. Ta ni wọ́n bá? Bàbá méjì àti àwọn ọmọ wọn ọkùnrin méjì tí wọn ò tíì tójú bọ́. Kí ló dé? Omi ló tán lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí hẹlikọ́pítà tó dé, wọ́n ti rìn bíi máìlì kan àtààbọ̀, wọ́n sì ti rí omi. Wọ́n ní kò sí wàhálà mọ́, ìrìn-àjò àwọn ń tẹ̀ síwájú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wò wọ́n títí, wọ́n bá padà sílé.

Ó dalẹ́ ọjọ́ yẹn, bọ́tìnì tún ké. Lọ́tẹ̀ yìí, bọ́tìnì tó túmọ̀ sí pé ẹ̀mí ń bọ́ lọ ni wọ́n tẹ̀. Òru tún ti dé, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí hẹlikọ́pítà ìjọba ìpínlẹ̀ Arizona, tí àwọn tó ń wà á ní awò tí wọ́n fi ń ríran nínú òkùnkùn. Wọ́n wọ inú àfonífojì lóru dúdú, láàárín àpáta sọ́tùn-ún, àpáta sósì. Nígbà tí wọ́n balẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹjọ́. Omi tí àwọn èèyàn náà rí, wọ́n ní ó ń dùn bí iyọ̀ lẹ́nu. Ẹ̀rù wá ń bà wọ́n pé ó lè gbẹ omi ara àwọn.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Kò sẹ́ni tó dákú. Àwọn awakọ̀ náà ní àwọn ò ní torí èyí gbé èèyàn lóru, wọ́n fún wọn lómi mímu, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Bí ilẹ̀ ṣe tún mọ́, ẹ̀ẹ̀kẹta! Ọ̀rọ̀ wá sú àwọn ẹ̀ṣọ́. Wọ́n lọ kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn yẹ ara wọn wò, wọ́n ní rárá, ara àwọn le. Wọ́n wá bi ẹni tó ṣáájú wọn léèrè pé ká ní kò sí ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ wọn ńkọ́, kí ni wọn ìbá ṣe? Ọkùnrin náà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àwọn ìbá má dán irú ìrìn bẹ́ẹ̀ wò rárá.

Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí gbogbo ẹjọ́ nìyẹn. Wọ́n fún un níwèé ẹ̀sùn pé ó dá ewu sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀rọ wo tiẹ̀ ni?

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fẹsẹ̀ rin inú igbó àti orí òkè fún ìgbádùn. Kì í ṣe oko ni wọ́n ń lọ, kì í ṣe ẹran ni wọ́n ń dẹ. Wọ́n á di ẹrù sẹ́yìn, wọ́n á sùn nínú àgọ́, wọ́n á máa wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run. Àwọn kan nínú wọn máa ń mú ẹ̀rọ ìké-gbàjarè kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ dání. Béèyàn bá wà ní ibi tí fóònù ò ti lè ṣiṣẹ́, tí ọ̀ràn bá dé, bọ́tìnì kan ni yóò tẹ̀. Ẹ̀rọ náà á ké sí sátẹ́láìtì lójú ọ̀run, sátẹ́láìtì á ju ìpè náà sílẹ̀, wọ́n á sì mọ ibi tí ẹni náà wà.

Àwọn tó dá irú ètò yìí sílẹ̀ kò ṣeré. Lọ́dún 1979 ni Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà tó jẹ́ Soviet nígbà náà, Kánádà àti Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Cospas-Sarsat. Ogun ẹnu ló wà láàárín Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà lásìkò yẹn, síbẹ̀ wọ́n gbà pé ẹ̀mí èèyàn ju ìjà lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1982, bàálù kékeré kan já ní Kánádà pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta nínú rẹ̀. Sátẹ́láìtì gbọ́ igbe ẹ̀rọ inú bàálù náà, wọ́n sì rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàyè. Láti ìgbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni ètò yìí ti yọ nínú ewu lórí òkun, lójú òfuurufú àti lórí ilẹ̀. Nàìjíríà pàápàá wà nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ wà ní Àbújá, lábẹ́ àjọ NEMA.

Fún àwọn tó ń rìn lórí ilẹ̀, oṣù keje ọdún 2003 ni ìjọba Amẹ́ríkà fàyè gba ẹ̀rọ náà fún gbogbo èèyàn jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀ràn fi bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin tó padà lọ gbé ọkọ̀ rẹ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2003 yẹn kan náà, ọkùnrin kan wọ inú igbó Adirondack ní ìpínlẹ̀ New York pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kékeré. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó sì há a mọ́bẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì, hẹlikọ́pítà àwọn ṣọ́jà wá gbé e. Ó wà lára àwọn tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ yọ, gbogbo èèyàn sì bá a dúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà tún padà wọ inú igbó yẹn láti lọ kó àwọn ẹrù tó fi sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló tún ṣẹlẹ̀? Ó tún tẹ bọ́tìnì! Hẹlikọ́pítà tún wá. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọlọ́pàá ló pàdé rẹ̀, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ké igbe èké. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí kòkòrò, yóò sá. Ti ọkùnrin yìí yàtọ̀. Ó ti rò pé ẹni tó gbé òun lánàá ò ní ṣàì gbé òun lónìí.

Àwọn fóònù òde òní tún wá fi kún un. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni iPhone kan ti lè bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ tí ọ̀ràn bá dé. Fóònù yẹn kan náà lè fúnra rẹ̀ pe ọlọ́pàá tó bá rò pé ọkọ̀ olówó rẹ̀ ti forí gbárí. Lọ́dún náà, àwọn tó ń gba ìpè pàjáwìrì ní Colorado pariwo. Àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín fún eré ìdárayá á ṣubú, wọ́n á dìde, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín lọ. Wọn ò mọ̀ pé fóònù àpò wọn ti ké gbàjarè.

Ta ló ń jẹ gbèsè rẹ̀?

Ẹnì kan lè ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí iṣẹ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Bí wọ́n bá ké “Olè! Olè!” láàárín ọjà, kò sẹ́ni tó ń dúró bèèrè iye tí wọ́n jí. Alátà á fi àtẹ sílẹ̀, alápatà á mú ọ̀bẹ, àwọn ọmọ mẹkáníìkì á ju sípánà sílẹ̀. Bó bá wá di pé ìyá kan ló fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé igbá lé orí, ṣé wọ́n á sáré bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn?

Ohun tí àwọn adóòlà ẹ̀mí sì ń fi wewu kì í ṣe àtẹ ata. Lọ́jọ́ 9, oṣù kẹfà, ọdún 2009, tó ku oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ kí ti Grand Canyon ṣẹlẹ̀, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan sọnù lórí òkè nítòsí ìlú Santa Fe, ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Ó fi fóònù pè fún ìrànwọ́. Hẹlikọ́pítà ọlọ́pàá lọ, wọ́n rí i, wọ́n gbé e. Bí wọ́n ṣe gbéra pé àwọn ń padà bọ̀, nínú òkùnkùn àti ojú ọjọ́ tí kò dára, hẹlikọ́pítà náà já sórí òkè. Ọlọ́pàá tó ń wà á kú. Ọmọbìnrin náà kú. Ẹnì kejì awakọ̀ nìkan ló yè é, pẹ̀lú ọgbẹ́.

Ọmọbìnrin yẹn kò ké igbe èké o. Ó sọnù ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ikú rẹ̀ àti ti ọlọ́pàá náà fi han gbogbo ayé pé kò sí ìgbéra hẹlikọ́pítà kan tó jẹ́ ti eré. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí àwọn ẹ̀ṣọ́ nígbà tí wọ́n bá fò lóru, tí wọ́n sì bá ẹni tó ń ṣàròyé pé omi òun dùn bí iyọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn adóòlà ẹ̀mí wọ̀nyí ni kò gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ náà. Káfíńtà wà nínú wọn, olùkọ́ wà nínú wọn. Ibi iṣẹ́ wọn ni wọ́n ti ń sáré wá.

Ṣé kí wọ́n máa gbowó?

Àwọn kan ní kí wọ́n máa bu owó fún ẹni tó bá ké láìnídìí. Ìpínlẹ̀ New Hampshire ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi àìbìkítà kó sí wàhálà lórí òkè wọn lè rí ìwé owó gbà lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á là. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ń ta káàdì kan níbẹ̀, dọ́là 25 fún ẹnì kan, dọ́là 35 fún ìdílé. Ẹni tó bá ní in ò ní san owó ìyọnu bí àìbìkítà bá kó bá a. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìwà wèrè ló hù, káàdì ò gbà á.

Àwọn ẹlòmíràn ní rárá. Àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kì í gbowó ìyọnu. Ẹgbẹ́ Mountain Rescue Association, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn adóòlà orí òkè fúnra wọn, kò fẹ́ kí wọ́n máa gbà á. Wọ́n ní bí owó bá wọ̀ ọ́, aláìní tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ á máa rò ó pé kí òun fara dà á díẹ̀ sí i. Ilẹ̀ á ṣú, òtútù á mú un, òkú ni wọ́n máa wá gbé. Òótọ́ wà nínú èyí náà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ̀rọ ò gba ikú dúró

Bẹ́ẹ̀ ni kíké nìkan ò tó. Lọ́jọ́ 15, oṣù kejì, ọdún 2015, ọ̀dọ́bìnrin kan dá nìkan gun òkè ní New Hampshire nínú òtútù tó ń pa èèyàn. Ẹ̀rọ ìké-gbàjarè wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìpè dé. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rọ ń júwe kò dúró lójú kan. Ìjì tó ń sáré ju 100 máìlì lọ ní wákàtí kan ń jà lórí òkè níbẹ̀. Àwọn adóòlà gbìyànjú lóru yẹn, apá ò ká a. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí òkú rẹ̀.

Dírẹ́bà tó bá ní táyà sípíà nínú bùùtù, ṣé torí ẹ̀ ló ṣe máa wakọ̀ gba orí ìṣó? Sípíà wà fún ọjọ́ tí ìṣó bá ṣèèṣì bá a lọ́nà. Bí ẹ̀rọ yìí ṣe rí nìyẹn. Ká ní àwọn bàbá méjì yẹn gbé omi tó pọ̀ tó dání ni, ká ní wọ́n bèèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ibi tí omi wà lójú ọ̀nà, bọ́tìnì náà ìbá wà nínú àpò lọ wà nínú àpò bọ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ò ní kí ẹnikẹ́ni má mú ẹ̀rọ dání. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kéèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo kó tó kúrò nílé: ká ní bọ́tìnì yìí ò sí, ṣé màá lọ? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó máa lọ, kó sì mú un dání. Bó bá jẹ́ rárá, kó jókòó sílé. Ọ̀gá àwọn mẹ́rin Royal Arch mọ ìdáhùn tirẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn ìgbà tí hẹlikọ́pítà gbéra lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló tó sọ ọ́ síta.